Kí Ó Tó Na Ẹsẹ̀

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, yàrá òkè ilé-ìkàwé ní Líìdìsì,
ẹ̀rọ amúlégbóná ń húkọ́ bí arúgbó,
òjò ń fi èékánná kan fèrèsé.
Ọ̀gbẹ́ni Thackray ṣí fìlà, ó da tíì sínú ìdérí fúláàsì rẹ̀.
Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi wa ọkọ̀ ojú irin;
kì í kánjú, kì í pẹ́.

Èmi ni funfun.
Mo ti ọmọ ogun iwájú ọba, ẹsẹ̀ méjì.
Òun ti tirẹ̀, ẹsẹ̀ kan péré,
bí ẹni tó ṣílẹ̀kùn díẹ̀ láti wo ẹni tó ń kànkùn.
Ọmọ ogun ayaba mi tẹ̀lé e. Ó fi tirẹ̀ pàdé rẹ̀.
N kò pààrọ̀, n kò gbèjà.
Mo tún sún ti àkọ́kọ́ síwájú,
mo gbé e dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bí àpótí ẹrù.

Wò ó ná:
ẹṣin rẹ̀ kò lè bọ́ sí ibi tó máa ń bọ́ sí.
Bíṣọ́ọ̀bù kan há sẹ́yìn ọmọ ogun ara ilé rẹ̀,
ó ń ka igi àjà.
Ẹnikẹ́ni ò tíì kú.
Afẹ́fẹ́ nìkan ni mo gbà.

Olúgbódi, àbúrò bàbá mi, oníka mẹ́fà,
ló kọ́ mi ní Ìlá:
"Má dúró dìgbà tó bá jókòó tán.
Òkèèrè la ti ń wo igi gọ́ńgọ́.
Ẹni tó ti na ẹsẹ̀, ta ni yóò ní kó ká a?"
Mo rò pé ọ̀rọ̀ ayò ni.

Àfi ìgbà tí mo dé ibí, lóṣù Kejìlá:
bí mo bá na apá lórí bẹ́ẹ̀dì, ògiri méjèèjì ni mo dì mú;
onílé ní n kò gbọdọ̀ dín nǹkan lẹ́yìn aago mẹ́jọ;
físà ní ọ̀gá kan ṣoṣo ni mo lè sìn.
Ẹnikẹ́ni ò lù mí.
Ìlú náà kàn tètè sún ọmọ ogun rẹ̀ síwájú ni.

Thackray wo pákó títí tíì fi tutù.
Lẹ́yìn náà, ọmọ ogun iwájú bíṣọ́ọ̀bù ìhà ayaba,
ẹsẹ̀ méjì, jẹ́jẹ́,
ó fi gún ìdí ẹ̀wọ̀n mi.
Kò bá orí rẹ̀ jà. Ìdí.
"Má bínú, ọmọ mi," ló wí, "mo fẹ́ ṣí fèrèsé díẹ̀."

Mo gbé ọwọ́ sókè, mo tún gbé e sọ̀ kalẹ̀.
N kò mọ èwo nínú wa ni mo fẹ́ kó borí.
Bọ́ọ̀sì ìkẹyìn ku ogójì ìṣẹ́jú.