Mo Dé Ibi Tí Mo Dé

Bàtà ọmọ mi ni mo wọ̀, ó fi ìwọ̀n ìka kan tóbi jù.
Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì léra, mo so okùn rẹ̀ pinpin,
mo rọ kọfí sínú fúláàsì, mo mú ọsàn méjì,
mo fi ìwé pélébé sílẹ̀ fún Halvard lórí tábìlì:
“Mo lọ sórí òkè. Ẹja wà nínú fíríìjì.”

Wọ́n ní tibàtà-tibàtà ni wọ́n ń bí ọmọ Nọ́wè.
Wọ́n gbàgbé tèmi.
Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti fi ń fọ abọ́ lójú fèrèsé yẹn,
tí Grokolen ń wò mí, tí èmi náà ń wò ó,
bí aládùúgbò méjì tí kò kí ara wọn rí.
Bó bá dé fìlà ìkùukùu, a ó ní òjò ń bọ̀.
Bó bá ṣí i, a ó sá aṣọ.
Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà rọ̀.
Àwọn igi tí èèpo wọn funfun bíi bébà,
èso dúdú wẹ́wẹ́ lẹ́sẹ̀ wọn;
mo já, mo jẹ, ahọ́n mi di ti ọmọdé.
Wákàtí kan kò tíì pé, ọ̀nà nà ró bí àkàbà.
Àyà mi ń lù kìkìkì, itan mi ń bẹ̀bẹ̀.
Mo dúró, mo ń ṣe bí ẹni ń wo adágún nísàlẹ̀.
Eldbjorg kọjá lára mi, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin,
tó ń hun ìbọ̀sẹ̀ tà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì,
kóòtù pupa lọ́rùn, ọ̀pá méjì lọ́wọ́, kò mí hẹlẹ.
“Rọra, ọmọ mi. Òkè kì í lọ síbì kankan.”
Kí n tó rí ọ̀rọ̀ fọ̀, ó ti di àmì kékeré lókè lọ́hùn-ún.

Lẹ́yìn náà, kò sí igi mọ́.
Òkúta lórí òkúta,
òkúta tó ń mì, òkúta tó ń díbọ́n pé òun ò ní mì.
Wọ́n kun lẹ́tà T pupa sí wọn lára kí àlejò má baà ṣìnà;
mo ń ti ọ̀kan bọ́ sí òmíràn bí ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà.
Ìgbà náà ni ìkùukùu dé.
Kò sáré, kò pariwo.
Ó kàn pa ayé rẹ́ bí ẹni nu pátákó.
Mo jókòó.
Mo pe orúkọ ara mi sókè, “Torunn!”
kí n lè gbọ́ bóyá ẹnì kan ṣì wà níbẹ̀.

Aago ló dáhùn.
Kóló, kóló, aago ọrùn àgùntàn.
Abo kan àti ọmọ rẹ̀ yọ, irun wọn tutù,
wọ́n wò mí bí ẹni wo àgbà tó jókòó sáàárín títì,
wọ́n bá tiwọn lọ.
N kò ní purọ́: èmi tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ iléèwé
lójoojúmọ́ pé “ẹ lo orí yín,”
ìdí àgùntàn ni mo tẹ̀lé títí mo fi rí lẹ́tà pupa.

Mo dé òkìtì òkúta kan, mo fọwọ́ kàn án, mo kígbe ayọ̀.
Afẹ́fẹ́ sì ká ìkùukùu díẹ̀.
Orí òkè gangan ṣì wà níwájú,
yìnyín èṣí ní èjìká rẹ̀,
Eldbjorg jókòó síbẹ̀ bí ẹyẹ pupa.
Aago mẹ́ta ti lù. Orúnkún òsì mi ti wú.
Mo bó ọsàn kan, mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìka tó tutù wọnú egungun,
mo kó èèpo rẹ̀ sápò, mo yí padà.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé sísọ̀ ló le jù.

“Ṣé o débẹ̀?” Halvard bi mí lálẹ́,
ẹsẹ̀ mi méjèèjì nínú omi gbígbóná.
“Mo dé ibi tí mo dé.”
Nígbà tó sùn, mo lọ sójú fèrèsé.
Gegele kan wà lápá òsì òkè náà,
ọdún mọ́kànlélógún, n kò rí i rí.
Mo kí i.
Ọwọ́ mi ṣì ń ta sánsán èèpo ọsàn.