Ìka Méjì

Ogójì ọdún ni mo ti ń wọn ẹ̀yìn ọmọ Kétu.
Mo mọ ẹ̀yìn alágbẹ̀dẹ, mo mọ ẹ̀yìn alágbàṣe,
mo mọ ẹ̀yìn ìyá tó pọn ọmọ mẹ́fà léraléra.
Okùn ìwọ̀n mi kì í purọ́.
Nọ́ńbà ara rẹ̀ ti ń parẹ́, mo fi bírò tún un kọ,
síbẹ̀ kì í purọ́.

Ìdí nìyí tí inú fi bí mi
lọ́jọ́ tí Súbérù dá ṣẹ́ẹ̀tì funfun padà,
Súbérù tó ń tẹ ìwé ọjọ́ ìbí ní méérì
láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú,
tó bá sì délé, a tún gbé fóònù lé itan,
a máa wò ó bí adìyẹ tó rí ìdin.
“Bàbá télọ̀, ẹ ṣi aṣọ gé.
Ẹ̀yìn rẹ̀ fò sókè, iwájú rẹ̀ ń wọ́lẹ̀.”

Èmi? Ṣi aṣọ gé?
Mo ní dúró. Mo ta okùn láti ìpàkọ́ dé ìbàdí.
Mo kà á. Mo tún un kà.
Ẹ̀yìn ti fi ìka méjì gùn ju ti èṣín lọ,
àyà sì ti fi ìka kan kúrú.
Èèyàn kì í ga láti ẹ̀yìn nìkan.

Mo wo ọrùn ọmọ náà.
Kì í ṣe ọrùn mọ́, ọrun ni:
ọrun tí a fà tí a kò ta,
tí kò ní ọfà, tí kò sí ẹran níwájú rẹ̀,
àfi ìmọ́lẹ̀ kékeré kan.
Ojú tí Ọlọ́run dá kó lè wo ọ̀run
kò rí ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Mo ní: Súbérù, orí wúwo ju bí o ṣe rò lọ.
Tó bá jókòó lórí ọrùn, ọrùn á gbé e, kò ní í ráhùn.
Tó bá yọ síwájú, ẹ̀yìn ni ń san gbèsè rẹ̀.
Wo obìnrin tó ń pọnmi bọ̀ láti kànga,
ṣé o rí èyí tó na ọrùn síwájú rí? Omi á dà.
Wá àpótí ọṣẹ, gbé kọ̀ǹpútà lé e, kó bá ojú rẹ dọ́gba.
Fẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀; ilẹ̀ pupa Kétu kì í bunijẹ.
Gbé fóònù wá bá ojú, má gbé ojú lọ bá fóònù:
ta ni olówó nínú yín, ta ni ìwọ̀fà?
Tí ládàánì bá pèrun, dìde.
Bí o kò tilẹ̀ ní í kírun, ṣáà dìde.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin náà ńkọ́?”

Ọ̀rọ̀ bọ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó he é.
Wàsílátù ọmọ iṣẹ́ mi gba okùn lọ́wọ́ mi,
ó ní kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.
Mo gbọ́ bó ṣe ń kà á sínú.
Ìka mẹ́rin.
Ogójì ọdún nídìí ẹ̀rọ ọlọ́wọ́,
mo tẹ̀ ba abẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ àṣírí rẹ̀.
“Ẹ̀yìn rẹ á dára,” làwọn àgbà fi ń súre fún mi;
mò ń ṣe àmín,
ẹ̀yìn ń tẹ̀ bí mo ṣe ń ṣe àmín.

Bíríkì mẹ́rin ló wà lábẹ́ tábìlì mi báyìí.
Aládùúgbò ń bi mí bóyá omíyalé ló ń bọ̀.
Láàárọ̀, kí n tó fọwọ́ kan aṣọ, mo máa ń fara ti ògiri:
gìgísẹ̀, ìdí, èjìká, ìpàkọ́.
Ìpàkọ́ kò tíì kan ògiri. Ó ku díẹ̀.

N kò tún ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ṣe. Ó ń fì lórí ìṣó.
Mo ní kí Súbérù lọ tún ara tó fẹ́ wọ̀ ọ́ ṣe ná.
Lánàá, ó gun sẹ́míjàn kọjá,
fóònù lọ́wọ́, orí nílẹ̀, bó ṣe máa ń rí.
Àmọ́ nígbà tí wọ́n dé iwájú Àkábà Ìdènà,
mo rí i tó gbórí sókè.
Bóyá ẹyẹ ló ń wò. Bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ.
Mo gbọn eruku kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì náà.