Wákàtí Mẹ́ta

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń tukọ̀ lójú pátákó,
èmi tí n ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí.
Ọmọ Ìsìkàn ni mí. Odò Àlà ni mo mọ̀,
òun náà, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ewúrẹ́ á là á kọjá
láìjẹ́ pé orúnkún rẹ̀ tutù.
Síbẹ̀, lọ́dọọdún, bí a bá ti dé orí áljẹ́brà,
mo máa ń mú ṣọ́ọ̀kì, mo fa ìlà méjì, mo pè é lódò.

"Ọkọ̀ kan bá omi lọ, kìlómítà mẹ́rìnlélógún,
wákàtí méjì ló gbà á.
Ó kọjú sómi bọ̀, wákàtí mẹ́ta.
Ẹ wá ìyára ọkọ̀. Ẹ wá ìyára omi."

Kíláàsì dákẹ́. Òjò ọ̀sán ń lu páánù.
Bádéjọ ní bóyá awakọ̀ dúró jẹun lọ́nà ni.
Mo ní kó jókòó.

Ẹ jẹ́ ká pe ọkọ̀ ní x, ká pe omi ní y.
Nígbà tí wọ́n jọ ń lọ, ọ̀rẹ́ ni wọ́n: ẹ rò wọ́n pọ̀, méjìlá.
Nígbà tí wọ́n dojú kọra wọn, ẹ yọ y lára x, ó ku mẹ́jọ.
Ẹ wá ro méjìlá mọ́ mẹ́jọ. Y pa y rẹ́,
ogún di x méjì, x di mẹ́wàá,
y tó ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn látàárọ̀, méjì péré ni.
Inú mi máa ń dùn níbi tí y ti ń pa y rẹ́ yẹn,
bí ẹni tó rí kọ́kọ́rọ́
nínú àpò tó ti tú lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìbídùn nawọ́.
Ọmọ Ìlàjẹ tó ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Òkè-Àró,
tí kì í sọ̀rọ̀, torí wọ́n ń sín ohùn rẹ̀ jẹ.
"Sà, bí ẹ́ńjìnnì bá kú ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní, ìwé ò sọ pé ẹ́ńjìnnì kú.
"Bó bá kú, sà, x di òdo.
Odò nìkan ló kù."
Ó bọ́ síwájú, ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi,
ó fi méjì pín mẹ́rìnlélógún: wákàtí méjìlá.

"Bàbá mi ta ẹja tán ní Ìgbókọ̀dà.
Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ́ńjìnnì kọ̀, kò jí.
Omi ló gbé e bọ̀, ìsàlẹ̀ omi nilé wa wà.
Lójú ìwé, aago mẹ́fà àárọ̀ ló yẹ kó gúnlẹ̀."
Ó nu ọwọ́ mọ́ síkẹ́ẹ̀tì.
"Aago mẹ́sàn-án ló dé, sà.
Òkun wú lóru, omi yíjú padà,
ó di gbòǹgbò igi ẹ̀gbà mú
títí omi fi rántí ọ̀nà.
Màmá mi wà ní bèbè, wọn ò jẹ́ ká dáná.
Wákàtí mẹ́ta yẹn, ibo la máa kọ ọ́ sí?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Òjò ti dá, n ò mọ ìgbà.
Mo wo pátákó: x, y,
ìdọ́gba tó mọ́ tónítóní bí abọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.
Mo fẹ́ kọ z sí i. Ọwọ́ mi kọ̀.
Mo fún un ní máàkì tó pé. Kò wò ó.

Nírọ̀lẹ́, mo dúró lórí afárá Àlà.
Ọ̀rá píọ̀wọ́tà kan ń bọ̀, ó ń yí lójú omi.
Mo wo aago ọwọ́ mi:
láti ìdí òpó dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, ká ní ogún mítà,
mo ti ń pín in lọ́kàn
nígbà tí ó há sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta.
Ọlọ́kadà kan fọn fèrè, mo sún sẹ́gbẹ̀ẹ́.
Ọ̀rá náà ń gbọ̀n, kò kúrò.
Aago ń ṣiṣẹ́ lọ.
Mo ń dúró dè é.