Ojú Ìwé Kẹsàn-án

Lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé ìkàwé kan ní Liepāja
ni Skaidrīte ti fà á yọ:
ìwé orin dùùrù, eku ti gé igun rẹ̀ jẹ,
orúkọ ẹni tó kọ ọ́ ti ṣá.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n jọ wọ̀yá ìjà.
Ọwọ́ òsì ń sáré bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀,
ọwọ́ ọ̀tún ń fà tìkọ̀,
ó ń ráhùn ìfẹ́ kan tí kò dárúkọ.
Ojú ìwé kẹsàn-án ti ya dànù:
etí rẹ̀ ló fi dí àlàfo.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, yìnyín bo ọ̀nà.
Ènìyàn mọ́kànlá.
Èmi tí mò ń ṣí ìwé fún un, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.
Ó tẹ ohùn ìkẹyìn,
kò gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà.
Ẹni tó ti ń sùn lajú: “Ó ti tán ni?”

Kò dá a lóhùn.
Ohùn náà ṣì ń rìn nínú igi.