Ilẹ̀ Kò Mọ̀ Pé Ilẹ̀ Lòun

Ní Dọndí, aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, ilẹ̀ ti ń ṣú.
Atẹ́gùn orí odò Tey ń gbá fèrèsé kíláàsì.
Ọ̀gbẹ́ni Gẹ́dìsì nu pátákó, ó ní:
"Nínú ayé tí ẹ̀ ń ṣe yìí, kò sóhun tó mọ ara rẹ̀.
Ògiri kò mọ̀ pé ògiri lòun.
Ilẹ̀ kò mọ̀ pé ilẹ̀ lòun,
àfi bí ẹ bá sọ fún un."
A rẹ́rìn-ín. Kálọ̀m tó jókòó tì mí ń jẹ ṣípìsì,
ó fi ìka olóròóró tẹ kíbọ́ọ̀dù mi.

Ìyá àgbà kan ni mo ń ṣe.
Mo ró ìró fún un. Mo wé gèlè fún un,
gèlè kọ̀, ó ń wọ inú orí lọ.
Mo fún un ní ọ̀pá, ọ̀pá kò bọ́ sọ́wọ́,
ó ń fò tẹ̀ lé e bí ẹyẹ tí kò nílé.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ ọ ní ìrìn:
ẹsẹ̀ òsì, ìdúró díẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ń wọ́.
Bí mo bá dín ìdúró yẹn kù, a dà bí ọmọdé.
Bí mo bá fi kún un, a dà bí ẹni tó fẹ́ ṣubú.

Alẹ́ ọjọ́bọ̀ mo tẹ bọ́tìnnì.
Ìyá yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ẹsẹ̀ kan,
ó sì rì.
Kò pariwo. N kò tíì fún un lóhùn.
Ó gba inú sìmẹ́ńtì kọjá bí ẹni gba inú èéfín,
nọ́ńbà igun kọ̀ǹpútà ń kà á lọ:
ogún sísàlẹ̀ òdo, igba sísàlẹ̀ òdo, ẹgbàá,
ìsàlẹ̀ tí kò nísàlẹ̀.

Bàbá mi ti ibi iṣẹ́ òru dé, ilẹ̀ kò tíì mọ́,
òórùn ọṣẹ ilé àwọn arúgbó ṣì wà lára jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀.
Ọdún kejì rèé tó ti ń bi mí:
"Ṣé eré náà ni wọ́n ṣì ń kọ́ yín?"
Èmi a ní, "Bí eré bí eré, àlàborùn ń dẹ̀wù."
A ní, "Ẹ̀wù wo? Nínú òtútù yìí?"
Òun tó jẹ́ ọ̀ta ayò ní Ìlá nígbà kan!

Láàárọ̀ yẹn kò bi mí.
Ó dúró lẹ́yìn àga mi, tíì lọ́wọ́ rẹ̀,
ó wo ìyá náà tó yọ, tó gbẹ́sẹ̀, tó rì.
"Ṣe é kí n tún rí i."
Mo ṣe é.
"Ẹ̀ẹ̀kan sí i."
Lẹ́yìn náà, jẹ́jẹ́:
"Ẹsẹ̀ ìyá mi nìyẹn."

Ọdún tí ìyá lọ, ìwé ìgbélùú wa wà lọ́wọ́ ìjọba,
a kò lè jáde. Ojú fóònù la ti wo ìsìnkú,
nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, ó ń so, ó tún já.
A rí pósí. A rí ẹ̀yìn orí àwọn ènìyàn.
A kò rí ìgbà tí ilẹ̀ gbà á.

"Kí ló dé tó ń jábọ́?"
"Ilẹ̀ ni kò mọ̀ pé ilẹ̀ lòun, bàbá."
Ó fẹ́ tíì rẹ̀. "Ṣebí kí o sọ fún un ni."

Àpótí kékeré kan ni, òfìfo,
tí mo ti fojú fò láti ọjọ́ mẹ́rin. Mo tẹ̀ ẹ́.
Ìyá yọ lẹ́nu ọ̀nà.
Ẹsẹ̀ òsì. Ìdúró díẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọ́ tẹ̀ lé e.
Gèlè ṣì ń wọ inú orí. Ọ̀pá ṣì ń fò.
Níta, ọkọ̀ káńsù ń fọ́n iyọ̀ sójú títì
kí ẹsẹ̀ àwọn tó ń jáde má baà yọ̀.
Bàbá kò tíì bọ́ jákẹ́ẹ̀tì.
"Níbo ló ń lọ?"
"N kò tíì kọ́ ibẹ̀."