Ìgbà Mọ́kànlá Ni Mo Kú ní Ìsánlú

Ẹ má bi mí bí ikú ṣe rí.
Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ni, ó tutù,
ó ń rùn bíi fóòmù àtijọ́
tí a tì mọ́ fèrèsé yàrá ìkẹ́rùsí iléèwé
kí ariwo ọ̀kadà tó ń lọ Mopà má baà wọnú eré wa.

Orí rédíò ni eré náà o! Ta ni yóò rí mi?
Ṣùgbọ́n Tíṣà Ìbíwùmí ní dandan, kí n dùbúlẹ̀:
"Ohùn ẹni tó dúró kì í ṣe ohùn òkú."
Mo ní òkú kò kúkú ní ohùn.
Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan sí i."

Ọdún ẹgbẹ̀ẹ́dógún ni, lórí òṣùpá.
Ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan rán olórin tirẹ̀ wá díje.
Èmi ni Ọmọ-Irin láti Júpítà,
akọrin tí orin ẹnu rẹ̀ ń pàṣẹ fún ara rẹ̀.
Ó kọ "mo fò," ó fò.
Ó kọ "mo jókòó," àga fọ́.
Orin àṣekágbá rẹ̀ parí báyìí:
Gbogbo wọn lọ, mo kù.
Lóru ọjọ́ ìdíje, ọwọ́ ẹnìkan dé orí ìwé náà.
Àmì kékeré tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí lẹ́tà kan ṣoṣo,
wọ́n yí i, ó ń gòkè:
Gbogbo wọn lọ, mo kú.

Ṣíbí méjìlélógún nínú bàsíà ni ìró ìṣubú mi.
Ọkọ̀ òfúrufú, ẹ̀rọ ata Ọbajẹmú ni.
Ìdákẹ́jẹ́ ojú ọ̀run nìkan la ò rí gbà:
a dúró di aago méjì òru,
ìsọjí bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìnkùlé.
Mo kú, ewúrẹ́ ló sunkún mi, a tún un ṣe.
Mo kú, mo sín.
"Òkú kì í sín!"
"Irin ni mí, eruku ló wọ̀ mí nímú."

Ọlọ́runnípa ló ṣe Sájẹ́ǹtì tó wá wádìí,
ọlọ́pàá tí etí rẹ̀ kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀.
Ó tẹ wáyà sí ọ̀gá rẹ̀ nílé ayé:
"Mo débẹ̀, mo bá a, ó kù."
Ọ̀gá fèsì: "Ọpẹ́ ni. Ẹ fún un ní tíì."

Lálẹ́ Sọ́ńdè tí wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́,
Ìsánlú dákẹ́, Ẹ̀gbẹ̀ dákẹ́,
wọ́n ní Kábbà pàápàá dákẹ́.
"Ẹni tó yí àmì ohùn náà ni—"
Epo tán nínú jẹnẹrétọ̀ iléeṣẹ́ rédíò.

Yé!
Láti àárọ̀ Mọ́ńdè, ará Yàgbà ní ará Ìjùmú ni,
Ìjùmú ní Owé ni, Owé ní kí wọ́n lọ bi Bùnú,
"àbí ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń fa ohùn ni?"
Wọn ò ta ẹja fún obìnrin tó ṣe olórin Máàsì.
Bí mo bá ń kọjá, àgbà á ní, "Òkun o."
Ọmọ rẹ̀ á ní, "Òkú o!"

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́, torí epo ti wọ́n.
Kò sí ikú nínú eré tí Ìbíwùmí kọ́kọ́ kọ.
Orin ni, ẹ̀rín ni, ife-ẹ̀yẹ ni.
Èmi ni mo ń dà á kọ fún àwọn òṣèré
lẹ́bàá àtùpà, oorun ń kùn mí, bíró ń jò.
Ọwọ́ mi ló yẹ̀ lórí lẹ́tà kan.
Ó kà á láàárọ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀:
"O ti pa á. Ó dáa, ìwọ náà ni yóò kú u."

Bíró náà ṣì wà lápò mi, ó ń jò síbẹ̀.
Owó ikú kan ṣoṣo ni wọ́n san fún mi,
mẹ́wàá kù.
Ẹ wo àmì rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó kà á sókè.