Katakata Inú Orin

Aago méjì òru, ní erékùṣù Kepu Bretoni,
yìnyín ń bọ́ bí ìyẹ̀fun tí ẹnìkan gbọ̀n dànù.
Èmi nìkan ló wà lójú títì,
èmi àti katakata, àti iná méjì tí kò ríran dé ibì kan.
Iṣẹ́ mi ni kí n gbá ọ̀nà kí ilẹ̀ tó mọ́.
Mo gbá a tán, ó tún dí.
Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọdún yìí ṣe ṣe mí.

Oṣù Ọ̀wàrà ni wọ́n ti ilé iṣẹ́ pépà pa.
Oṣù Bélú ni wọ́n gbé Oighrig lọ sí ọsibítù;
ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n wí, wọn kò wí jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Lẹ́tà báńkì mẹ́ta wà lórí fìríìjì, n kò tú wọn.
Ta ni kò mọ ohun tó wà nínú ẹyin kó tó fọ́ ọ?
Ọkàn mi wá dà bí ìkòkò tí a gbé kaná,
tí a gbàgbé omi.

Mo yí rédíò. Ìròyìn ojú ọjọ́ ni mò ń wá.
Ibùdó kékeré kan tí Fearchar ń dá ṣe nínú àjà ilé rẹ̀
ni mo bọ́ sí. Ó wúkọ́, ó ní:
“Ará àdúgbò ló kọ èyí. Ó ní kí n má dárúkọ òun.”
Ni gìtá bá wọlé,
wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́, bí ẹni tó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà
nítorí ọmọ tó ń sùn.

Ohùn obìnrin ni. Kò lọ sókè, kò wá ẹni tí yóò yìn ín.
Ó ń kọrin nípa aṣọ tó dì gan-an bí pákó lórí okùn,
nípa ọkọ̀ ojú omi bàbá rẹ̀ tí wọ́n tà fún àjèjì,
ìdajì ní Gẹ̀ẹ́sì, ìdajì ní èdè Gélíìkì
tí ìyá mi fi ń bá màlúù sọ̀rọ̀
tí kì í fi bá wa sọ.
Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló yé mi. Kò dùn mí.
Kò sọ fún mi pé yóò dára.
Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ràn:
láti oṣù Ọ̀wàrà ni gbogbo ènìyàn ti ń sọ fún mi pé yóò dára.

Nínú orin náà, kẹ́tù ń hó.
Ó jẹ́ kó máa hó. Àga kan dún kẹ̀ẹ́.
Gòjé bọ́ sí i, bí arúgbó tó ń táràrà wá awò ojú rẹ̀.
Ní ẹsẹ kẹta, mo gbọ́ ohun kan lábẹ́ gìtá,
ìró kan tó jìnnà, tó ń kùn, tó ń bọ̀,
tó dún gbàà, gbàà, lórí irin,
tó sì kùn lọ.

Mo tẹ bíréèkì.
Kò sí katakata mìíràn ní gbogbo erékùṣù yìí
tí ṣọ́bìrì iwájú rẹ̀ ń gbá irin afárá lẹ́ẹ̀mejì bẹ́ẹ̀.
Ó ti tẹ̀ lápá òsì láti ọdún kẹta;
mo kọ̀wé, wọn kò tún un ṣe.
Ilé kan ṣoṣo ló sì wà létí afárá:
ilé Sìleas, tó ń lẹ sítáǹbù ní ilé ìfìwéránṣẹ́,
tí kì í sọ ju “Ẹ káàárọ̀” àti “Dọ́là méjì” lọ.
Ó lè pa ìró mi rẹ́. Ó fi í sílẹ̀.

Ẹkún tí n kò sun ní ọsibítù, mo sun ún níbẹ̀,
ẹ́ńjìnnì ń mí, yìnyín ń bo gíláàsì.

Ní Sátidé, mo gbé kásẹ́ẹ̀tì Fearchar lọ fún Oighrig.
Kí n tó la ẹnu, afárá ti dún.
“Ìwọ nìyẹn,” ó ní.
Ó pa ojú dé, ó gbọ́ ọ dé òpin,
ó wá bi mí bóyá mo ti tú lẹ́tà báńkì.